Ìbọn Afẹ́fẹ́ Méjì àti Eku Ilé Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ohun èlò tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, kò yẹ kí ó máa jẹ owó olówó lásán. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ohun èlò ni mo fẹ́ bá yín sọ: ìbọn afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan tí ń fi sipíríǹgì ṣiṣẹ́, èkejì tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, àti èyí tí ó yẹ kí ènìyàn yàn nínú méjèèjì bí eku bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò ní, "Kí ni ó kan ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìbọn òyìnbó?" Ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kan oúnjẹ inú àwo, tí ó kan ọmọ kékeré tí ń ṣeré ní àgbàlá, tí ó sì kan ọ̀wọ̀ àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Inú GRA Ìkẹjà ni mo ń gbé, ní bọ́ìsìkọ̀tà tí ó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Àkókà, níbi tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. Bí a bá dárúkọ GRA, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé ńláńlá, ọ̀nà ọlọ́dà, igi tí ó ṣíji bo títì, àti ìdákẹ́rọ́rọ́. Òótọ́ ni. Ìjọba òyìnbó ni ó ya irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn ọ̀gá tiwa wọ ibẹ̀. Ìkẹjà sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1976. Lónìí, ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ti pọ̀ láàárín àwọn ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n eku kò mọ GRA yàtọ̀ sí Agége. Ibi tí oúnjẹ bá ṣẹ́kù sí ni ó ń kọ́lé sí. Ilé oúnjẹ tí ń da ìyókù ìrẹsì síta lóru, gọ́tà tí ó dí, àjà onípákó ti ilé àtijọ́, igi máńgòrò àti igi fúrúùtù tí èso wọn ń já bọ́ sílẹ̀: ààfin eku ni gbogbo wọn.

Ní ti ilé wa, ilé adìẹ Màmá ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá, ìyàwó Bàbá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń sin ọgbọ̀n adìẹ ní ẹ̀yìn ilé. Owó ẹyin wọn ni ó fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ara rẹ̀ àti fún ọkọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, òròmọdìẹ mọ́kànlá ni eku gbé lọ. Wọ́n dá àpò oúnjẹ adìẹ lu, wọ́n sì tọ̀ sórí àgbàdo. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́fà, jí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí eyín wọlé. A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti sùn dáadáa mọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rù lásán ni ó ń bà á. Ní 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá àrùn kan mọ̀, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀nú pè é. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ ni ó ń gbé àrùn náà kiri, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ sì lè kó o ran ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo eku tí ń sáré nínú àjà ni ó jẹ́ irú eku yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un dúró kí ó lè ka ọmú rẹ̀?

A ti gbìyànjú ohun púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kan ìbọn. Ológbò tí a gbà wá jẹun yó, ó sì sùn. Gọ́ọ̀mù eku mú alángbá, ó sì mú ẹsẹ̀ adìẹ kan. Pàkúté pa eku mẹ́ta, àwọn yòókù sì gbọ́n: ńṣe ni wọ́n ń rìn yí i ká bí ẹni tí ó pàdé ẹbọ ní oríta. Àwọn kan ní kí a lo oògùn. Màmá ní òun kò gbọ́. Ó ní adìẹ a máa ṣa ohunkóhun jẹ, ọmọdé a sì máa fi ọwọ́ kan ohunkóhun, àti pé eku tí ó bá jẹ májèlé kì í kú síta, inú àjà ni í kú sí, tí yóò sì máa rùn lé onílé lórí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí. Ìjàǹbá tí ń ti ọwọ́ oògùn wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NAFDAC fi gbé òfin dìde ní 2019 lòdì sí títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos kiri ọjà.

Báyìí ni Bàbá ṣe rántí ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìbọn onísipíríǹgì ni, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí igi ìdí rẹ̀ ti ń dán bí ọpọ́n ayò. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú àpótí, Bàbá kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ sipíríǹgì náà. Ọta tí ó ń ta kò lágbára mọ́. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan, ọ̀gá ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọdé ń pè ní Bàbá Sójà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun náà ní ìbọn afẹ́fẹ́ àti ìwé àṣẹ, ó sì fẹ́ ta tirẹ̀: ìbọn onígáàsì, dúdú, ó ń dán, bí ẹni pé wọn kò tíì fi ọwọ́ kàn án. Owó tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì Bàbá fún oṣù mẹ́rin. Ó gbé e wá fún wa láti wò. Bàbá pè mí, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ní, "Ìwọ tí o ń fi owó wa kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, wò wọ́n dáadáa. Ṣé kí n ra sipíríǹgì tuntun sínú ti àtijọ́ yìí ni, àbí kí n ra onígáàsì? Èyí tí o bá ní ni n ó ṣe."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ bí ó ti rí kí àgbà tí ó ti lé ní ọdún 75 ní kí ọmọdé dá ẹjọ́ fún òun. Ọ̀wọ̀ ni, ẹrù sì ni. Mo sì ti rí i lójú Bàbá pé onígáàsì ni ọkàn rẹ̀ fà sí; ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti fi ìka dí ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rí, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ẹ ó ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a bá há mọ́ ibi tóóró a máa bínú. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú ẹwìrì ni ó ń sọ èédú di iná tí ń mú irin rọ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀tù. Ìbínú afẹ́fẹ́ yìí ni ó fi ń ta ọta. Kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Ní nǹkan bí 1780, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Austria gba ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí Girandoni ṣe, wọ́n sì lò ó. Ní Amẹ́ríkà, Lewis àti Clark gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání ní ìrìn àjò wọn sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn láti 1804 dé 1806.

Nínú ìbọn méjèèjì tí ó wà lórí tábìlì Bàbá, ohun kan wà tí ó dà bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ yìn ín yóò ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀. Bí ọ̀pá ti ń wálẹ̀ ni ó ń ti písítìnì sẹ́yìn, títí yóò fi há bí pàkúté tí a dẹ. Yóò ki ọta òjé kékeré kan bọ ihò, yóò dá ọ̀pá padà sí ààyè rẹ̀, yóò sì fi ìka fa irin abẹ́ rẹ̀. Písítìnì yóò sáré síwájú, yóò fún afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò sì lé ọta jáde. Ohun tí ń ti písítìnì ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Nínú ti àtijọ́, sipíríǹgì onírin gígùn ni. Nínú ti tuntun, gáàsì ni, tí ó sábà máa ń jẹ́ nitrogen tàbí afẹ́fẹ́ lásán, tí wọ́n há sínú ọ̀pá irin kan, tí wọ́n sì fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ pa. Ilé iṣẹ́ Theoben ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ irú rẹ̀ di ohun tí à ń tà lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ Weihrauch ti Jámánì náà sì gba ọgbọ́n yìí lò nínú ìbọn HW90 rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pá tí ń gbé ìdérí búùtù ọkọ̀ dúró ti rí ìbátan rẹ̀.

N kò ní fi ojúsàájú sọ̀rọ̀: ìwà rere ìbọn onígáàsì pọ̀. Ó yára, láàárín ìgbà tí ìka fa irin àti ìgbà tí ọta jáde, àkókò kékeré ni, kékeré náà sì kéré sí ti onísipíríǹgì. Kì í dún gbìn-ìn nínú bí sipíríǹgì ti í ṣe, kì í sì í yí ìbọn lọ́wọ́ ẹni, nítorí sipíríǹgì a máa lọ́ bí ó ti ń nà. Gáàsì kì í rẹ̀ bí irin ti ń rẹ̀. Èyí tí àwọn ọlọ́jà sì fi ń yìn ín jù ni pé, a lè dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìṣe é ní ibi. Sipíríǹgì tí a bá fún pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ a máa kúrú, agbára rẹ̀ a sì máa dín. Fún ẹni tí ó ń ṣọ́ ihò eku lóru, ìwà yìí dára púpọ̀ létí.

Ṣùgbọ́n létí nìkan kọ́ ni a ń lo ìbọn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a to àpò iyanrìn ga níwájú odi ẹ̀yìn ilé, a lẹ bébà mọ́ páálí, a sì sọ fún àwọn aládùúgbò. Àwọn àgbà méjèèjì tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ni wọ́n yìnbọn. Tèmi ni rúlà àti pẹ́ńsù. Ogún ìgbésẹ̀ ni a wọ̀n. Bàbá Sójà yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò sì ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá yin ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ihò náà sì fọ́n ká bí àwo ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mú ìbọn tirẹ̀ tí ó ti rẹ̀. Ọta rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó fojú sùn, nítorí agbára rẹ̀ ti dín, ṣùgbọ́n ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà ní ojú kan, kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ.

Mo rí ìdí rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbọn onígáàsì náà le ní dídẹ. Sipíríǹgì a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, a sì máa le díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Gáàsì ti le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní rọ̀ títí dé òpin. Ní ìgbà kẹrin tí Bàbá ṣẹ́ ẹ wálẹ̀, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òùngbẹ kọ́, àfi èmi àti Màmá tí ó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ìbọn onípísítìnì ni ó ń ta síwájú sẹ́yìn kí ọta tó jáde, nítorí náà a kì í dì í mú girigiri. Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ń gbé e, kí ó lè máa ta bákan náà nígbà gbogbo. Bàbá ti mọ ìtasí tirẹ̀ láti ọdún púpọ̀. Títa onígáàsì yá, ó sì mú. Ọwọ́ tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n yóò ṣì í.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ dídẹ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń yin onígáàsì. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń sáré wọlé sáré jáde, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń bọ́ sẹ́yìn ilé adìẹ nígbàkígbà, ǹjẹ́ ìwà rere ni kí ìbọn lè wà ní dídẹ fún wákàtí mẹ́ta? Ohun tí ó jẹ́ ìyìn ní oko àdádó lè jẹ́ ewu ní àgbàlá wa. Sipíríǹgì ń fi ipá kọ́ olówó rẹ̀ ní ìkóra-ẹni-níjàánu: má dẹ mí títí o ó fi rí eku, bí eku bá sì ti lọ, yìn mí sínú àpò iyanrìn kí o gbé mi jókòó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin kí ẹ bi àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ léèrè. Bí sipíríǹgì ọkọ̀ bá ṣẹ́, wọn yóò bá yín wá òmíràn. Bí ọ̀pá ìdérí búùtù bá jo, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí àtúnṣe, àfi kí ẹ ra odidi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn méjèèjì. Sipíríǹgì a máa sọ fún ni tẹ́lẹ̀ pé ó ti ń rẹ òun. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ àti rọ́bà orí písítìnì rẹ̀ nínú ọ̀sán kan. Kì í ṣe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni o, nítorí sipíríǹgì tí a fún pọ̀ lè fò jáde kí ó ṣe ènìyàn ní ìjàǹbá. Kì í sì í ṣe sipíríǹgì kẹ́tẹpẹ́ ni a ń kì bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe níhìn-ín. Bí gáàsì bá jo, agbára ìbọn lọ nìyẹn. Ìrọ́pò odidi ọ̀pá náà yóò ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ yóò sì ga. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kì í sì í ṣojú àánú sí èyíkéyìí nínú wọn: irin méjèèjì ń dípẹtà bí a kò bá fi epo nù wọ́n. Kí epo náà má sì wọ inú ibi tí afẹ́fẹ́ ń há sí, nítorí ó lè gbiná níbẹ̀ bí inú ẹ́ńjìnnì dísù, kí ó sì ba ìbọn jẹ́.

Òfin ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀tù, òfin kò kà á sí ìbọn. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 dárúkọ rẹ̀ pàtó. Ó tò ó mọ́ ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ àti ìbọn ọdẹ onírúfúlù, ó sì ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ ní ìpín tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí joule 16 lọ kò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n Scotland tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ ìwé àṣẹ di dandan láti òpin ọdún 2016. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin ní Ìkẹjà. Ìwé tí Bàbá ní, ti ìbọn àtijọ́ ni. Bí ó bá fẹ́ gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí owó tó yí ọwọ́.

Òfin kọ́ nìkan. Àwọn ará Ìkẹjà kò gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè ológun bú gbàmù, tí ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ sì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú odò ẹ̀gbin Òkè-Afá níbi tí wọ́n sá kó sí ní òru. Àwọn kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ṣì ń fò sókè bí ilẹ̀kùn bá gbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ yìnbọn láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Bàbá mú wá: àdán tí ń jẹ máńgòrò rẹ̀ lóru. Ó ní bí òun bá ra onígáàsì, òun yóò fi ṣe ti àdán náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àdán sílẹ̀. Ọta tí a bá yìn sókè kò ní àpò iyanrìn tí yóò gbà á. Ilé onílé ni yóò bọ́ sí. Àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ, irú èyí tí ó kún orí igi ní ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, sì wà lára àwọn tí ń gbé hóró ìrókò kiri láti inú igbó kan sí òmíràn. Ẹni tí ó bá ń pa á ń pa ìrókò tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ìbá rí. Bàbá mi orí. Ó ní, "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ó dára, kí ó máa wò wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo lọ jíṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá bi mí pé èwo ni ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ jù, n ó ní onígáàsì ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bi mí ni èwo ni kí ẹ rà, ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀."

Bàbá wò mí. Ó ní, "Má fi àlàyé bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé mo ti darúgbó?"

Àyà mi já. Mo ní, "Ó tì o, Bàbá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbọn yín mọ̀ yín, ti Bàbá Sójà kò mọ̀ yín. Bébà tí a lẹ mọ́ páálí ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Bí a bá fi sipíríǹgì àti rọ́bà tuntun sí i, yóò padà di ọ̀dọ́. Owó tí ẹ ó sì ná kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí onígáàsì ń gbà."

Kí Bàbá tó dáhùn, ohùn Màmá ti inú ilé ìdáná wá: "Owó oṣù mẹ́rin láti pa eku! Irú eku wo nìyẹn, ṣé ó ń sanwó ilé ni?"

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó mú bébà tí mo wọ̀n, ó fi ọwọ́ tọ́ ihò mẹ́wàá tirẹ̀, ó ní, "Ojú mi ṣì ríran, àbí?" Mo ní, "Ó ríran ju tèmi lọ, Bàbá." Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá Sójà gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé láìbínú, ó sì tún wá ta ayò lọ́jọ́ kẹta.

Alátùn-únṣe ìbọn tí ó ní àṣẹ iṣẹ́ ni ó pààrọ̀ sipíríǹgì náà. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Bàbá a jókòó sórí àga níwájú ilé adìẹ, a gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga mìíràn, àpò iyanrìn a sì wà lẹ́yìn ibi tí eku ń gbà jáde. Ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ní àkókò náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eku méje ni ó pa. A kì í fi ọwọ́ lásán gbé wọn. Ìbọ̀wọ́ àti ṣọ́bìrì ni, a sì fi jíìkì fọ ibi tí wọ́n kú sí.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìbọn gba gbogbo ìyìn. Oyún eku ilé kò ju nǹkan bí ọjọ́ 22 lọ, abo kan sì lè bí mẹ́fà títí dé méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Bàbá bá ń pa méje láàárín ọjọ́ 21, abo kan péré lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí ó ṣẹ́gun ni símẹ́ńtì àti nẹ́ẹ̀tì onírin tí mo fi dí gbogbo ihò tí ìka méjì lè wọ̀, dúrọ́ọ̀mù onídérí tí a da àgbàdo sí, àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí Màmá lọ bá àwọn onílé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ wa sọ títí wọ́n fi ra ìkòlẹ̀ tí ó ní ìdérí. Ìbọn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó pa àwọn àgbà eku tí wọ́n ti gbọ́n ju pàkúté lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan yín lọ́jọ́ kan, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tí apá rẹ̀ le, tí ó ń ṣọ́ oko tí kò sí ọmọdé níbẹ̀, tí ó sì lówó láti gba ọ̀pá tuntun láti òkè òkun, kí ó ra onígáàsì. Kò ní kábàámọ̀. Ẹni tí ó ń gbé láàárín ilé àti ọmọ, tí ó fẹ́ ohun tí a lè tún ṣe nítòsí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ti àtijọ́, kí ó di onísipíríǹgì rẹ̀ mú. Kí àwọn méjèèjì gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gba ìbọn, kí wọ́n mọ ibi tí ọta yóò dúró sí kí wọ́n tó fa irin, kí wọ́n sì dí ihò ilé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.